Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi fi itọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun. Houston ni mò ń gbé. Wọ́n fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, níṣẹ́ ní iléèwé pé kí kálukú wá sọ ìtàn ìran rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, wá ra páálí àyẹ̀wò DNA fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Mo ní ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún lèmi, kí ló tún kù? Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkọ mi ní itọ́ ọmọ òun kò ní lọ síbì kankan. Ní tèmi, mò ń rò ó pé bóyá àyẹ̀wò náà á jẹ́ ká tètè mọ̀ nípa àìsàn, torí àrùn kíndìnrín ló mú bàbá mi lọ, òun náà ló sì ń bá àbúrò rẹ̀ fà á báyìí. Kí lẹ rí sí i?

Èsì

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Maryland lèmi wà, àwọn ọmọ mi sì ju tiyín lọ díẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa rí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é báyìí. Tó bá pé 18, tó bá ṣì wù ú, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn ni kò gbọdọ̀ dúró, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa gbé e lọ bá dókítà, kì í ṣe ọmọ.

Tẹ́ ẹ bá ṣí páálí náà, ẹ máa bá ike kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n fa ìlà sí lára. Wọ́n á ní kéèyàn má jẹ, kó má mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wá tutọ́ títí á fi kan ìlà yẹn, kó dé e pa. Ìyẹn ò le. Ojú fóònù nibi tọ́rọ̀ wà, nígbà téèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á bi yín bóyá kí wọ́n tọ́jú itọ́ tó bá ṣẹ́kù, bóyá kí wọ́n máa fi èsì rẹ̀ ṣe ìwádìí, bóyá kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ han àwọn tó bá a tan. Òbí ló ń fọwọ́ sí i fún ọmọ tí kò tíì pé 18, àmọ́ ọmọ ló máa gbé e káyé. Àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àtàwọn dókítà ọ̀rọ̀ àbùdá ti jọ sọ ọ́ láti ọdún 2013 pé àwọn ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi páálí à-ń-ṣe-nílé yìí yẹ ọmọdé wò.

DNA ọmọ yín kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin wà nínú ẹ̀, bàbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè wà nínú ẹ̀. Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí 23andMe, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú páálí yìí, lọ́dún 2023. Àwọn olè lo pásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n jí níbòmíì, wọ́n sì fi wọ àkáǹtì bí 14,000. Ṣùgbọ́n torí pé àwọn oníbàárà ti gbà kí àwọn ìbátan máa rí ara wọn níbẹ̀, ọwọ́ olè dé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 6.9. Ẹni tí pásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ le koko, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní March 2025, ilé-iṣẹ́ náà gba kóòtù lọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Regeneron tó ń ṣe oògùn kọ́kọ́ fi mílíọ̀nù 256 dọ́là lé e, kó tó di pé àjọ kan tí ẹni tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ń darí fi mílíọ̀nù 305 gbà á. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ California ní kí àwọn oníbàárà lọ pa ohun tó jẹ́ tiwọn rẹ́. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni sá fún orúkọ ilé-iṣẹ́ kan. Gbogbo ilé-iṣẹ́ báyìí ni wọ́n lè tà lọ́la, pásíwọ̀ọ̀dù sì ṣé pààrọ̀, DNA ò ṣé pààrọ̀.

Ẹ má sì rò pé òfin tó ń dáàbò bo fáìlì yín ní ọsibítù ló ń ṣọ́ eléyìí. Òfin yẹn, tí wọ́n ń pè ní HIPAA, kì í sábà kan àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta páálí yìí. Òfin GINA ti ọdún 2008 kò jẹ́ kí ínṣọ́ránsì ìlera tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ fi àbùdá ẹni dáni lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kò dé orí ínṣọ́ránsì ẹ̀mí, kò sì dé orí ti àìlera tàbí ti ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Ọmọ ọdún 14 ò tíì ra ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ó ń bọ̀ wá rà á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn àṣírí ilé. Mo mọ ìdílé kan tó jẹ́ pé lójú fóònù ọmọdé ni ọmọ tí bàbá àgbà bí síta ti kọ́kọ́ yọ, tòun ti àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí ó ṣe tan mọ́ wọn. Ìyá àgbà ṣì wà láyé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ni tó yẹ kó sọ ọ́, àgbà ló sì yẹ kó jókòó sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Ìfẹ́ ló fi rà á. Wọ́n kó àwọn baba ńlá tiwọn sọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n gba orúkọ lẹ́nu wọn. Fún ọ̀pọ̀ wọn, àti fún àwọn ará Brazil àti Cuba, àyẹ̀wò yìí lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù láti bá ìbátan pàdé. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ̀wé sí yín pé DNA fi hàn pé ẹ jọ tan, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ọmọ Ìlá àti Ìjẹ̀bú-Igbó? Wọ́n á ní Nàìjíríà ló ti wá. Ìyá yín á kì í ní oríkì dé ìdílé tó ti ṣẹ̀ wá. Kó pè wọ́n lórí WhatsApp, kó gba ohùn wọn sílẹ̀, kó gbé e lọ síwájú olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí kọ́ ni mò ń ta kò. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn fún iṣẹ́ ìwádìí àbùdá tí wọ́n ń pè ní HapMap ní ẹ̀jẹ̀, 90 èèyàn, bàbá, ìyá àti ọmọ tó ti dàgbà lẹ́sẹẹsẹ, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣì ń lò ó di òní. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará ìlú jíròrò, àgbà ló fọwọ́ sí i, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Ó kan àìsàn wàyí. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé oríṣi méjì kan nínú jíìnì (àbùdá tá a máa ń jogún) tó ń jẹ́ APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, máa ń jẹ́ kí àrùn kíndìnrín tètè mú ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ọ̀pọ̀ tó ní i ò sì ní ṣàìsàn náà láyé wọn. Dókítà lè ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, kó ṣàlàyé èsì rẹ̀ fún yín, kó sì wà nínú fáìlì tí òfin ń ṣọ́. Ẹ má fi ti páálí ṣe: àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú tí ìjọba kọ́kọ́ gbà kí 23andMe máa tà ní 2018, oríṣi mẹ́ta péré ló ń wò nígbà náà, àwọn Júù Ashkenazi ló sì wọ́pọ̀ sí jù. Obìnrin Yorùbá tó bá gbọ́ pé òun ò ní i, tó fọkàn balẹ̀, ó ti fọkàn balẹ̀ lásán. Ní ti jẹ́nótáìpù, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ń yẹ ọmọ tuntun wò fún fọ́níkú-fọ́ladìde láti 2006. Tó bá jẹ́ ibí lẹ bí i sí, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe dókítà tiyín. Ẹ sọ fún un pé bàbá yín àti àbúrò rẹ̀ ni àrùn yìí kọlù, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ ní kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kó yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá purotéènì wà níbẹ̀, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì sọ fún yín bóyá APOL1 yẹ ní wíwò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìyá yín náà gbọ́, àwọn tó wà nílé pàápàá. Ẹ sì gbé páálí yẹn kúrò níwájú ọmọ, torí ọmọ ọdún 14 mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù ju òbí lọ.