Èsì: Ìdí tí lúùpù yín (kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) fi ń tẹ 2 dé 6 dípò 1 dé 5

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ohun tó ṣe kóòdù yín lójú Python (èdè tí ẹ fi kọ ọ́), ìdí nìyẹn tí kò fi pariwo pé àṣìṣe wà. Bí ẹ ṣe to ìlà méjì inú lúùpù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà:

i = 1
while i <= 5:
    i = i + 1
    print(i)

Ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan nìkan ni while ti máa ń yẹ i wò. Kì í ṣọ́ ọ láàárín. Nígbà tí i jẹ́ 5, 5 kò ju 5 lọ, ó wọlé. Kó tó kan print (àṣẹ tó ń tẹ nọ́ńbà jáde), i ti di 6. Bí 6 ṣe jáde nìyẹn. Ti 1 ní tiẹ̀, ẹ ti fi kún un kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbé print sókè, kí i = i + 1 gbẹ̀yìn. Ìyípo márùn-ún náà ni, àmọ́ 1 dé 5 ni yóò jáde. Ẹni tó ní kí ẹ sọ 5 tó wà ní ìlà while di 4 kò ràn yín lọ́wọ́: 2 dé 5 lẹ máa rí.

Tó bá jẹ́ àròpọ̀ lẹ̀ ń ṣe, ibẹ̀ gan-an ló léwu, torí ẹ ò ní tètè fura. Dípò 15, 20 ni yóò fún yín, kò sì ní ṣàlàyé kankan.

Ẹ ṣọ́ra fún continue náà, àṣẹ tó ń fo ìyókù ìyípo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣáájú i = i + 1, i lè dúró sójú kan, lúùpù ò sì ní parí mọ́ àfi tí ẹ bá tẹ Ctrl+C láti dá a dúró.