Orí fífọ́ ọjọ́ kejì ló ń dá wa padà sídìí mínírà

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní ìgò mínírà dúdú mẹ́ta lò ń mu lójúmọ́, pé o pinnu lọ́jọ́ Àìkú pé o ò ní fẹnu kàn án mọ́, àmọ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, orí ti ń fọ́ ọ débi pé o ò lè wo iná, oorun ń kùn ọ́, gbogbo ẹni tó bá bá ọ sọ̀rọ̀ ló ń bí ọ nínú. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o ra méjì pa pọ̀. O wá ń béèrè bóyá ara tìrẹ ni kò lè gbé láìsí i. Rárá o. Ọ̀nà tí o gbà fi í sílẹ̀ ló le jù. Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi náà já a jù sílẹ̀ lójijì bẹ́ẹ̀ tí mo tún padà, kí n tó rí ọ̀nà tó gbà mí.

Télọ̀ ni mí, n'Íbàdàn. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi mu ún. Ìgbà Iléyá ló bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, tí aṣọ oníbàárà ga dé àjà, tí a ń rán iṣẹ́ mọ́jú. Ìyá tó ń ta ohun mímu tutù wà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi. Ìgò kan lóru, kí oorun má baà gbé mi lé orí ẹ̀rọ, kí abẹ́rẹ́ má baà gún mi lọ́wọ́. Ọdún kọjá, iṣẹ́ òru dínkù, ìgò ò dínkù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: kí n tó mọ̀, ọ̀kan ti ń bá àkàrà àárọ̀ lọ, ọ̀kan ń tẹ̀ lé oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀kan wà fún alẹ́. Ìgò oníke 50cl ni o. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀rọ mi ló máa ń dúró sí. Omi tó ń sun lára rẹ̀ ti ya òrùka funfun sórí pákó tábìlì yẹn, òrùka lórí òrùka, mo ti fi epo nù ún, mo ti fi kánkàn fọ̀ ọ́, kò kúrò títí dòní.

Ohun méjì ló wà nínú ìgò náà tó ń so wá mọ́lẹ̀, okùn wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣúgà ni àkọ́kọ́. Irú èyí tí mò ń mu, ara ìgò rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi hàn pé ṣúgà inú 50cl lé ní gíráàmù 50. Ìyẹn tó ṣíbí kékeré 13. Bí ẹnì kan bá bu ṣíbí ṣúgà 13 sínú ife tíì kan lójú rẹ, wàá pariwo mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu àgbàlagbà má ṣe ju nǹkan bíi gíráàmù 50 lọ lójúmọ́, pé bí kò bá ju 25 lọ, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀. Ìgò kan ti gba gbogbo rẹ̀ tán, ká tó wá sọ mẹ́ta.

Èkejì ni káfíìnì, èròjà kan tó ń lé oorun. Òun kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò, nǹkan bíi mílígíráàmù 50 nínú ìgò náà, ife kọfí tó le dáadáa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń mu mílígíráàmù 100 péré lójúmọ́ lè rí orí fífọ́ yẹn bó bá dá a dúró lójijì. Ìgò méjì nìyẹn. Ìwọ ń mu mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fi í sílẹ̀, ọjọ́ kejì bọ́ sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nílé àbúrò ọkọ mi. Mo lọ bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú gèlè tó ń fún orí tó ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbàdúrà sí omi, sí oyin, sí iyọ̀, wọ́n pa obì, wọ́n gbé e yí ká. Mo mú awẹ́ méjì, mo jẹ ẹ́ tán. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, orí mi ti fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹni. Mo yọ̀, mo ń sọ fún wọn pé àdúrà ọmọ tuntun ti mú orí fífọ́ mi lọ. Àǹtí ọkọ mi kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, àdúrà gbà o, àmọ́ nǹkan tí ẹ sọ pé ẹ ti fi sílẹ̀ náà lẹ jẹ yẹn. Káfíìnì ló wà nínú obì."

Èmi tí mo ti ń rí obì láti kékeré, n kò mọ̀. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ òru ládùúgbò wa kò jẹ ẹ́ lásán, ohun tó ń lé oorun ni. Ọdún 1886 ni Pemberton po Coca-Cola pọ̀ nílùú Atlanta ní Amẹ́ríkà, obì sì ni "kola" tó wà lára orúkọ yẹn. Obì ti ń ṣiṣẹ́ náà lẹ́nu àwọn baba wa ṣáájú ìgbà yẹn.

Bí àǹtí náà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Bí a bá ṣe ń pẹ́ lójúfò sí ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wa. Òun ló ń sọ fún ara pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Káfíìnì á lọ jókòó sórí àga tí ìyẹn ì bá jókòó sí, a ó sì máa rò pé kò rẹ̀ wá. Tó bá wá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á tún kan àga mìíràn sí i. Ọjọ́ tí o bá gbé mínírà jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àga á ṣófo, adenosine á rọ́ wọlé, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí á fẹ̀, orí á sì máa lù kì kì kì. Láàárín wákàtí 12 sí 24 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló máa ń gbóná jù, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó kúrò tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kejì lo ṣubú, ọjọ́ kejì lèmi náà máa ń ṣubú. Tí o bá wá mu ìgò kan, láàárín nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, orí á fúyẹ́, ìwọ náà á sì gbà pé òun ni oògùn rẹ.

Ṣọ́ra fún oògùn orí fífọ́ náà. Irú parasítámọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n po káfíìnì mọ́, mílígíráàmù 65 nínú horo kan. Bí o bá ń lo méjì méjì nínú rẹ̀, o ò tíì kúrò lójú kan. Ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí o tó gbé e mì.

Nísinsìnyí, bí mo ṣe ṣe é. Mo mú òwú pupa, mo wé e mọ́ ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ta á ní kókó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìgò alẹ́ nìkan ni mo so ó mọ́, mo fi téèpù wọn íńṣì kan àtààbọ̀ wálẹ̀ láti ibi tí mínírà dé lọ́rùn ìgò. Mo ní kí n tó fi ẹnu kàn án, gbogbo ohun tó wà lókè òwú gbọ́dọ̀ dà nù. Gọ́tà ni mò ń dà á sí. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n máa fún òun, mo ní rárá, n kò ní fi ẹrù mi lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ó dùn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí owó ni, ó ń hó lọ nínú gọ́tà. Mo mu ìyókù. Orí kò fọ́ mi. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún sọ òwú náà kalẹ̀ ní íńṣì kan àtààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìgò alẹ́ tán. Mo wá mú ti àárọ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ti ọ̀sán ló kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún. Ìgbà méjì péré ni orí fọ́ mi díẹ̀, omi àti oorun sì ti tó o.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ mú ti alẹ́ ni pé káfíìnì kì í tètè kúrò lára. Ó tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Ìgò tí mo bá mu ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìdajì káfíìnì rẹ̀ ṣì ń bá mi jà ní aago kan òru. Màá jí láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n lù, màá sì fi ìgò àárọ̀ tún un ṣe. Bí mo ti yọ ti alẹ́ kúrò, ti àárọ̀ fúnra rẹ̀ ti rọ̀.

Ti ọ̀sán ló yà mí lẹ́nu. Mo rò pé á rọrùn, òun gan-an ló le jù. Òwú ti dé ìsàlẹ̀, káfíìnì tó kù kò tó nǹkan, síbẹ̀ tí aago méjì bá ti lù, ọkàn mi á ti lọ sí ìsọ̀ kejì. Mo wá ṣọ́ ara mi lọ́sẹ̀ kan, kí ni mò ń fẹ́ gan-an? Mo rí i pé aago méjì nìkan ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Màá rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, màá gbé ohun tutù sọ́wọ́, màá jókòó. Ìsinmi ni mo ń wá, mínírà ni mo fi ń ra á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí se sóbò nílé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, láìfi ṣúgà sí i rárá. Mo rọ ọ́ sínú àwọn ìgò oníke yẹn kan náà, mo bẹ ìyá náà kó bá mi fi sínú fíríjì rẹ̀, mo ń san owó díẹ̀ fún un. Aago méjì ṣì ń lù, mo ṣì ń lọ, mo ṣì ń jókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó kan mí lẹ́nu, kò dùn. Lẹ́yìn náà, ahọ́n gbà.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o yí sí èyí tí kò ní ṣúgà. Ó dára fún ṣúgà, àmọ́ káfíìnì wà níbẹ̀ bó ti wà, ásíìdì tó ń jẹ eyín náà wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí o bọ́ sí ọlọ́sàn: ìyẹn kò ní káfíìnì, ṣúgà rẹ̀ ń bẹ. Kò burú láti lo ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, kí o ṣáà mọ okùn tí o ti já àti èyí tó kù. Ṣùgbọ́n má ṣe bọ́ sí àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹ́nájì dríǹkì, mo bẹ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ní nǹkan bíi mílígíráàmù 30 káfíìnì nínú 10cl, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí o ń sá fún.

Ìjọba fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládùn ní 2022. Náírà márùn-ún lórí ìgò kan nìyẹn. N kò rí ẹnì kan láàrin wa tó torí rẹ̀ dín tirẹ̀ kù.

Mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà ni, oníbàárà kan tí mo bá rán aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ gbé odidi kéréètì kan wá dúpẹ́. Mo gbé e sábẹ́ tábìlì. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo ti padà sí ìgò méjì lóòjọ́. Ohun tó dá mi dúró ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Mo dé láti ẹ̀yìnkùlé, mo bá a tó gbé ìgò tí mo mu kù sẹ́nu, ó gbé orí sẹ́yìn bí mo ṣe máa ń gbé e, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí mo ṣe máa ń nù ún. Mo jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo ta ìyókù kéréètì náà padà fún ìyá ìsọ̀ kejì, mo sì wá òwú pupa mi jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi dé ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá bùn ọ́, gbà á, dúpẹ́, kó má sì sùn mọ́ ọ nínú ilé.

Àyà tó máa ń ta mí lóru ti lọ. Mo ti fi íńṣì méjì dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì mi kù. Eyín iwájú méjì ṣì ń kan mí tí mo bá mu omi tutù, dókítà eyín ní ohun tó ti jẹ kì í hù padà.

Ní tìrẹ, má ṣe dúró di ọjọ́ Àìkú mìíràn. Mu ìgò àárọ̀ àti ti ọ̀sán rẹ bí o ṣe ń mu wọ́n, so òwú mọ́ ti alẹ́ nìkan. Bí kò bá sí òwú, fi bírò fa ìlà sí i. Tí àyà rẹ bá ń já pì pì pì, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ṣáá tí o sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwú. Kí o sì ṣọ́ ara rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o mọ ohun tí o máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí o bá ṣí ìdérí ìgò: ta ni o wà lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ wo lo ń sá fún, ṣé ebi ni, ṣé oorun ni. Padà wá sọ ọ́ fún mi, màá bá ọ wá ohun tí o máa fi dípò rẹ̀.