Ọṣẹ Tí Wọ́n Ń Rọ Lẹ́nu Ọ̀nà: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Agbègbè Tákíè ni mo ń gbé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn méje ló sì ń jẹun nínú ilé mi. Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ike ọṣẹ ìfọbọ́ olómi tí mo ṣà nínú gọ́tà wa lé ní ogún, ká má tíì sọ ti ọ̀rá ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú. Ojú tì mí, nítorí ọwọ́ èmi àtàwọn ọmọ mi ni wọ́n ti jáde. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń gbé ọṣẹ wá sílé lóṣooṣù, tí wọ́n á rọ ọ́ sínú ike tí onílé ti ní tẹ́lẹ̀. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà kiri, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá ń rùn fún kẹrosínì, ọṣẹ inú rẹ̀ sì ṣàn bí omi. Báwo ni mo ṣe lè rí èyí tó dára, tí kò sì ní ba àyíká jẹ́? Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìtìjú tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe tiyín nìkan, nítorí agbolé tí òjò lè rọ̀ sí tí gọ́tà rẹ̀ kò ní gbé ike jáde ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ pé ohun tí ẹ ń wá kì í ṣe àjèjì. Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ la máa ń gbé ìgò lọ rọ kẹrosínì nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ìyá wa yóò sì máa pariwo tẹ̀lé wa pé ká má fọ́ ọ. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ra òróró tàbí epo pupa lọ́jà ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ dání, kò sì sí ẹni tó ń ra sìlíńdà tuntun nígbàkígbà tí gáàsì bá tán. Ọṣẹ la jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí ike kékeré àti ọ̀rá gba ọjà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan máa ń ṣe pàṣípààrọ̀, bíi ti àwọn tó ń ta omi dísípẹ́ńsà, tí wọ́n ń gba ike òfo tí wọ́n sì ń gbé èyí tó kún sílẹ̀. Àwọn mìíràn a gbé ọjà náà wá nínú kẹ́ẹ̀gì ńlá, wọn a sì wọ̀n ọ́n sínú ike yín lójú yín. Nílùú Santiago lórílẹ̀-èdè Chile, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Algramo ti gbé ẹ̀rọ ìrọṣẹ sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gbé e lọ bá onílé lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ta ẹni tó dá a sílẹ̀ jí ni pé aláìní tó ń ra ọjà díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré ló ń san owó tó pọ̀ jù lórí ìwọ̀n kan náà. Àwa tí a ń ra ọṣẹ lọ́rá-lọ́rá mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò máa fi ọṣẹ tí kò ba àyíká jẹ́ ránṣẹ́ sí yín láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni yóò gba ike náà padà bó bá ṣófo? Bí kò bá sí ìdáhùn, ike tuntun lẹ tún fẹ́ rà yẹn, àwòrán ewé tó wà lára rẹ̀ kò sì yí i padà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó sún mọ́ yín ló dára jù. Àwọn tó ń po ọṣẹ olómi kò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ìyá inú agbolé ń pò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì LAUTECH náà ń pò ó. Ẹ wá ẹni tí ẹ lè dé ibi tó ti ń pò ó, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí agbada àti omi tó ń lò. Ẹ bi í bákan náà bóyá ó ti forúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, nítorí ọṣẹ wà lára ohun tí àjọ náà ń mójú tó.

Ẹ má dá a ṣe. Ká ní ilé kan ń lo lítà 4 lóṣù, ike mẹ́jọ tó jẹ́ onílàjì lítà nìyẹn, èyí tó jẹ́ ike 96 lọ́dún. Bí ilé márùn-ún nínú agbolé bá parapọ̀, lítà 20 ni wọn yóò máa gbà lóṣù, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan sì gbà á tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ṣẹ́ kù. Alágbàkiri ọ̀kadà tí kò lè wá nítorí lítà 4 yóò wá nítorí 20, ọjọ́ tí ẹ bá sì dá fún un kò ní yẹ̀.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì tó ń rùn, inú mi dùn pé imú yín kò jẹ́ kó kọjá. Ike máa ń mu kẹrosínì àti dísù sára, kò sì sí fífọ̀ tó lè fọ òórùn náà kúrò tán. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbé epo mọ́tò tàbí oògùn kòkòrò rí, ẹ má gbà á láé. Ẹ dojú kẹ́ẹ̀gì délẹ̀ kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí igun mẹ́ta kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 2 nípọn, irú ike bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì sábà ń fi gbé ọṣẹ olómi àti bílíìṣì. Ẹ fi pẹ́ńtì fa ìlà sára tiyín níbi tí lítà 5 àti lítà 10 bá dé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àwíjàre rọ́pò òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó ṣàn bí omi gba sùúrù. Kíki kọ́ ni agbára. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ apọṣẹ ń bù sí i kó lè ki, bí iyọ̀ náà bá sì pọ̀ jù, ọṣẹ a tún ṣàn padà. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ mú abọ́ tí epo pupa ti gbẹ mọ́ lára, ẹ fi ọṣẹ síbí kékeré kan ṣoṣo fọ̀ ọ́. Bí ìka yín bá ṣì ń yọ̀ lára abọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣàn án, omi ni wọ́n tà fún yín. Bí ọwọ́ yín bá sì ń ta yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sódà tí wọ́n fi pò ó ti pọ̀ ju ásíìdì tí wọ́n pò mọ́ ọn lọ, ẹ dá a padà kíá.

Ẹ tún bèèrè nípa àyíká. Èròjà tó ń mú ọṣẹ ho láyé àtijọ́ kì í jẹrà nínú omi, débi pé ìfófòó bo odò ní Jámánì àti Amẹ́ríkà. Jámánì ṣòfin lé e lórí lọ́dún 1961, àwọn aṣọṣẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì yí padà sí irú tó ń jẹrà lọ́dún 1965. Ní gbogbogbòò, ásíìdì tí àwọn apọṣẹ wa ń pè ní sulphonic lónìí jẹ́ irú tó ń jẹrà, nítorí náà kì í ṣe òun ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ sọ fún apọṣẹ yín pé kó má fi èròjà fọ́sífétì tí wọ́n ń pè ní STPP sí tiyín, nítorí ó ń bọ́ ewédò, ewédò a sì gba atẹ́gùn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ẹ má sì da omi ọṣẹ sítòsí kànga.

Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n rọ tuntun, ẹ jẹ́ kí ti inú ike tán, kí ẹ fọ ike náà, kó sì gbẹ. Lọ́dún 2002, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n má ṣe máa bu ọṣẹ lé èyí tó ṣẹ́ kù nínú ike, nítorí kòkòrò àìsàn lè máa gbé nínú àṣẹ́kù náà. Ohun tó lè ṣe ilé ìwòsàn lè ṣe ilé ìdáná.

Bí ẹ bá fẹ́ máa gba bílíìṣì náà lọ́nà yìí, òun ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Mo bẹ̀ yín, Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í ka ohun tí a kọ sára ìgò. Àwọ̀ ìdérí ló mọ̀. Pàṣípààrọ̀ ni kí ẹ ṣe fún bílíìṣì, nínú ike tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá, tó ní ìdérí líle, kí ẹ sì máa gba ìwọ̀nba tí oṣù kan lè lò, torí oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ máa ń jẹ́ kí agbára rẹ̀ dín kù. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní agbègbè Under-G, yàrá kan ni mo ń gbé. Ṣé irú èmi yìí náà lè gba ti oṣooṣù? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lítà kan tó ọ. Bá àwọn ará yàrá tó kù sọ ọ́, kí ẹ jọ máa gbà á pọ̀. Fún ìwẹ̀, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó àti àdín ṣe, tí wọ́n sì dì sínú ewé, kò bèèrè ike rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ń po ọṣẹ nítòsí ọjà Àkẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́, mo sì ti ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà mi nílé. Kẹ́ẹ̀gì mi ló ń bà mí nínú jẹ́: wọ́n á gbé e pamọ́, wọ́n á máa fi pọnmi. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọlọ́ṣẹ, owó ìdógò ni kí ẹ máa gbà, bí àwọn tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò onígò ti ń ṣe. Ẹ fi iye tí ẹ fi ra kẹ́ẹ̀gì kún owó ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé fún oníbàárà, kí ó mọ̀ pé owó òun ni, àti pé yóò gbà á padà lọ́jọ́ tó bá dá kẹ́ẹ̀gì padà láìní òórùn mìíràn nínú. Kò ní dùn mọ́ àwọn kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi irin gbígbóná tẹ àmì yín sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pẹ́ńtì máa ń bó, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń gbé e kiri mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ rọ ọṣẹ tuntun fún ilé tí kò bá gbé òfo jáde.