Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, Linux wo ló bá èwo mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì máa ń bá àwọn ará àdúgbò tẹ ìwé láti fi rí owó ọbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ ni àkọ́kọ́, RAM 4GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń sọ fún mi pé òun ò lè gba Windows 11. Èkejì ni Acer Aspire One kékeré kan tó ti pẹ́ gan-an, Atom N270, RAM 1GB. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ ìwé títẹ̀. Ẹ̀kẹta ni MacBook Pro ọdún 2012 tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti London. Ẹnì kan ní kí n fi Linux sí gbogbo wọn, pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Linux tí mo rí lé ní ogún, orí mi sì dàrú. Èwo ni kí n mú? Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o.

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó ní kí ẹ lo Linux ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni Linux, bíi Windows. Linux kan ṣoṣo kọ́ ló máa bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo orúkọ tí ẹ rí yẹn. Ohun tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991 ló wà nínú ikùn gbogbo wọn. Aṣọ tí kálukú fi wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀. Torí náà, ẹ má fi orúkọ yàn án. Kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ bi léèrè: RAM rẹ (àyè tí o ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) jẹ́ mélòó? Processor rẹ (ọpọlọ rẹ), ṣé 32-bit ti àtijọ́ ni àbí 64-bit ti òde òní? Ilé iṣẹ́ wo ló ṣe Wi-Fi inú rẹ? Tí ẹ bá ti mọ mẹ́ta yìí, orúkọ ogún yẹn á ku méjì péré.

HP yẹn ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń mówó wọlé. Kò bàjẹ́ o. Processor Intel ìran kẹfà ló wà nínú 840 G3, Microsoft sì ní tó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́. Wọ́n sì ti fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Irú láptọ́ọ̀pù yìí pọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà bí ẹní kó yanrìn, ara wọn sì ṣì le dáadáa.

Linux Mint ni kí ẹ fi sí i, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Cinnamon. Bọ́tìnnì mẹ́nù wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lórí Windows. Mint 22 ni kí ẹ mú. Títí di 2029 ni wọ́n á máa tún un ṣe.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú Ubuntu, nígbà tó jẹ́ òun ló lókìkí jù, tó sì jẹ́ pé ọmọ South Africa, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀ ní 2004. Dátà ló fà á. Fáìlì Ubuntu lé ní 5GB, ti Mint ò ju nǹkan bíi 3GB lọ. Ìyẹn ṣì kéré. Ubuntu ń lo ọ̀nà kan tó ń gbà kó ètò wọlé, tó ń jẹ́ snap, Firefox tó bá a wá gan-an snap ni, snap sì máa ń lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ bóyá nǹkan tuntun ti dé, á sì gbé e wọlé láì bi yín. Ẹni tó ní Wi-Fi ọ́fíìsì ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ á kàn rí i pé 2GB òun ti fò lọ. Mint ti snap pa láti ilé. Tí nǹkan tuntun bá dé, á fi ààmì asà kékeré kan hàn yín nísàlẹ̀, á sì dúró títí ẹ fi máa sọ pé ó yá.

Ẹ fi 4GB míì kún RAM rẹ̀ tí owó bá wà. Ojú ihò méjì ló ní fún un. Linux kọ́ ló ń jẹ RAM bí iná ṣe ń jẹ koríko, Firefox àti Chrome ni. Tó bá sì jẹ́ háàdì dísìkì tó ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi SSD (irú dísìkì tí kì í yí, tó sì yára) sí i. Oníbàárà mi kan pààrọ̀ Linux lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí pé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín. SSD la fi sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ti ìwé títẹ̀, LibreOffice ló wà nínú Mint, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Tí kò bá rí Times New Roman, á fi Liberation Serif rọ́pò rẹ̀, bákan náà sì ni fífẹ̀ lẹ́tà méjèèjì, ìlà ò ní yẹ̀. Síbẹ̀, ẹ sọ iṣẹ́ yín di PDF kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ tún ṣí ibi kíbọ́ọ̀dù nínú ètò Mint, kí ẹ wá Nàìjíríà; ti Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ ò ní máa lọ kó lẹ́tà oníààmì lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ CorelDRAW lẹ fi ń ya káàdì ìyàwó àti ìwé ìkéde òkú, ẹ má kúrò lórí Windows o. CorelDRAW ò ní ẹ̀dà Linux, ẹni tó bá sì sọ pé ọgbọ́n kan wà kò ní wà níbẹ̀ nígbà tí oníṣẹ́ bá ń pariwo.

Acer kékeré yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Processor N270 jẹ́ 32-bit, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ubuntu ti fi irú wọn sílẹ̀, Mint 22 náà ò mọ̀ wọ́n. Debian gan-an, Linux míì tí wọ́n mọ̀ pé kì í pa arúgbó tì, kò ṣe ti 32-bit fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀dà 13 sí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2025 ni ẹ̀dà náà jáde. antiX 23, Linux fífúyẹ́ kan, ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n kọ 32-bit sí lára. Orí Debian 12 ni wọ́n gbé e lé. Tó bá béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, demo ni méjèèjì.

(Bí a ti ń sọ̀rọ̀ bit: tí ẹ bá rí “32-bit operating system, x64-based processor” lórí Windows ẹ̀rọ kan, ẹ má sọ ẹ̀rọ náà nù. Windows inú rẹ̀ ni wọ́n fi 32-bit sí. Processor fúnra rẹ̀ lè ṣe 64-bit. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ṣì lè gba Mint ni wọ́n ti tà ní ẹ̀dínwó nítorí ìlà kan yìí.)

antiX ò lẹ́wà, mi ò ní tàn yín. Ẹ má sì retí pé Acer yìí á ṣí YouTube. Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi ṣe. Eré kan wà tó ń jẹ́ Tux Typing: ẹja á máa jábọ́ láti òkè pẹ̀lú lẹ́tà lára rẹ̀, tí ọmọ bá tẹ lẹ́tà náà, ẹyẹ penguin á sáré wá gbé e mì. Ẹ̀rọ yín lágbára tó ìyẹn.

MacBook ńkọ́? Intel ló wà nínú ti 2012, torí náà á gba Mint wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 4GB, ẹ mú ẹ̀dà Xfce, ó fúyẹ́ ju Cinnamon lọ. Tí kì í bá ṣe Retina (orúkọ irú ojú tó mọ́ kedere lára Mac), RAM rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Ti Retina, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ká ní M1, èyí tó ń lo processor tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, ni àbúrò yín fi ránṣẹ́ ni, màá ní ẹ má fọwọ́ kàn án.

Wi-Fi ni ìṣòro Mac yìí. Ti ilé iṣẹ́ Broadcom ni, ó sì ṣeé ṣe kó má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering (ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo dátà fóònù) lórí fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé. Ẹ wá ṣí Driver Manager nínú mẹ́nù Mint, á dárúkọ ohun tí Broadcom ń fẹ́, ẹ yàn án, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún un tàn.

Ó yá, bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ wá fláàṣì 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, torí á nù. Rufus, ètò kan lórí Windows, ni ẹ ó fi gbé fáìlì Mint (ti antiX fún Acer) sórí rẹ̀. Lórí HP, ẹ máa tẹ Esc bí ẹ bá ṣe ń tan ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà F9. Lórí Mac, ẹ di Option mú. Lórí Acer, F12 ni, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ tẹ F2 kí ẹ lọ tan F12 Boot Menu nínú BIOS (ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ). Mint á ṣí láti orí fláàṣì láì tíì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ gbọ́ orin, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé kí ẹ tún ṣí i, ẹ wò ó bóyá ó jí. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ fláàṣì, Windows yín wà níbẹ̀.

Ìgbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ wá tẹ Install Linux Mint. “Erase disk” túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ń lọ nìyẹn, fọ́tò, ìwé ìdánwò, gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó wọn síbòmíì. Ẹ sì jẹ́ kí bátìrì kún. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti fi Linux sí láptọ́ọ̀pù kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, mo ní ogún ìṣẹ́jú péré ni. Ó kù díẹ̀ kó parí ni iná lọ. Nígbà tí iná dé, kò sí Windows, kò sí Linux, oníláptọ́ọ̀pù sì jókòó tì mí.

Ẹ fi Acer dánra wò, torí òun ni kò ní nǹkan kan tí ẹ máa pàdánù, kí ẹ ṣe HP lẹ́yìn rẹ̀, kí Mac gbẹ̀yìn. Tí Wi-Fi Mac bá kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣí terminal (ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ lspci, kí ẹ da ìlà tí wọ́n kọ Network sí kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.