Àṣúrà: Ta ló sọ pé ẹni tí kò bá yó lọ́jọ́ náà, ebi ni yóò pa á títí ọdún?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àléékúmù, Ààfáà wa. Nílé ọkọ mi, wọ́n máa ń tọ́jú orí àgbò iléyá di ọjọ́ Àṣúrà, ìyẹn ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù. Ìyá ọkọ mi á sè é lọ́sàn-án, wọ́n á ní ká jẹ àjẹyó, pé ẹni tí kò bá yó lọ́jọ́ náà, ebi ni yóò máa pa á títí ọdún á fi yípo. Wọ́n ní ọjọ́ náà ni Ọlọ́hun gba túúbá Ànábì Adam, tí ọkọ̀ Ànábì Nuhu gúnlẹ̀, tí Ibrahim bọ́ nínú iná, tí Yunus jáde nínú ẹja. Àbúrò ọkọ mi wá ní ẹni tó bá jẹ orí àgbò náà ti di kèfèrí. Ilé ti dàrú. Àáwẹ̀ ni èmi fẹ́ gbà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wàláíkúmù sàláámù, arábìnrin mi. Ẹ gba àáwẹ̀ yín. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí mo mọ̀ pé ọkàn yín kò balẹ̀.

Ìtàn àwọn Ànábì tí ìyá ọkọ yín sọ, òdodo ni. Túúbá Adam wà nínú Súrà Bàkárà, ọkọ̀ Nuhu tó gúnlẹ̀ sórí òkè Judi wà nínú Súrà Hudu, iná tó tutù fún Ibrahim wà nínú Súrà Anbiyai, ti Yunus wà nínú Súrà Saffati. Ẹ ṣí i, ẹ kà á: Ọlọ́hun kò dárúkọ ọjọ́ kankan níbẹ̀. Àwọn èèyàn ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí ọjọ́ kẹwàá Mùhárámù. Pé ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Nuhu gúnlẹ̀ wà nínú àkójọ hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) ti Imam Ahmad, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wá kò lágbára. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, Ibn al-Jawzi, onímọ̀ hádíìsì, ti kà wọ́n mọ́ hádíìsì irọ́, ó ti lé ní 800 ọdún.

Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ti Musa. Bukhari àti Muslim, àgbà méjì nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, sàábé Ànábì: nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn Yẹhúdì lẹ́nu àáwẹ̀ Àṣúrà. Ó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ńlá ni, ọjọ́ tí Ọlọ́hun gba Musa àti ìjọ rẹ̀ là, tó sì ri Fir'aona àti àwọn èèyàn rẹ̀ sómi. Musa fi àáwẹ̀ dúpẹ́. Ànábì ní àwa la sún mọ́ Musa jù yín lọ, ó gbà á, ó sì pàṣẹ rẹ̀. Aisha, ìyàwó Ànábì, tilẹ̀ sọ pé àwọn Kùráéṣì, ẹ̀yà Ànábì, ti ń gbà á ní Mẹ́kà kí Ìsìláàmù tó dé. Nígbà tí Rámádáànì di dandan ní ọdún kejì Híjírà, ti Àṣúrà di ti ẹni tó bá wù. Ìtàn kan ṣoṣo tí ọjọ́ rẹ̀ dá wa lójú, àáwẹ̀ ni Ànábì méjèèjì fi dúpẹ́ lórí rẹ̀. Báwo ni àjẹyó ọ̀sán gangan ṣe wá di ẹ̀sìn ọjọ́ náà lọ́wọ́ wa?

Ní Tọ́kì, wọ́n ń fi àlìkámà, ẹ̀wà àti èso gbígbẹ se oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní aşure, wọ́n ní ohun tó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ Nuhu ni wọ́n pa pọ̀ sè. Ní Mòrókò, àwọn kan ń tọ́jú ẹran iléyá gbígbẹ di ọjọ́ náà, bíi tilé ọkọ yín. Àṣà ìlú nìyẹn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ. Èyí tó ń bí mi nínú ni irọ́ tó tinú ìjà jáde. Ní ọdún 61 Híjírà (680), wọ́n pa Husayn ọmọ Ali, ọmọ-ọmọ Ànábì, ní Karbala ní ilẹ̀ Ìráàkì ní ọjọ́ kẹwàá Mùhárámù. Àwọn Ṣíà, ìjọ tó ń tẹ̀lé ilé Ali, sọ ọ́ di ọjọ́ ẹkún. Onímọ̀ ẹ̀sìn kan, Ibn Taymiyya, ṣàlàyé pé àwọn tó kórìíra ilé Ali náà sọ ọ́ di ọjọ́ ayọ̀, wọ́n ṣẹ̀dá hádíìsì tìróò lílé àti ìwẹ̀ Àṣúrà, pé ẹni tó bá wẹ̀ kò ní ṣàìsàn lọ́dún náà. Hàntú (omi tí wọ́n fi fọ àyà Kùráánì tí wọ́n kọ) àti omi ìwẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ wa kan ń tà lásìkò yìí, inú irọ́ yẹn ló ti ń mumi. Kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun! Ànábì ti sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ òun, kó lọ wá ibùjókòó rẹ̀ sínú iná.

Ó ku hádíìsì kan, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí: pé ẹni tó bá náwó gbòòrò fún ará ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Àṣúrà, Ọlọ́hun yóò ṣí ọwọ́ ọrẹ sí i ní ìyókù ọdún. Imam Ahmad kò gbà á. Bayhaqi, onímọ̀ hádíìsì mìíràn, ní àwọn ọ̀nà rẹ̀ kò lágbára lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń ti ara wọn lẹ́yìn. Ní ọ̀nà Imam Malik tí àwa ń tọ̀, Ibn Habib, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Andalusi, fi ewì rọ àwọn èèyàn sí i. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó fàyè gbà á. Ẹni tó bá ní, kó se ọbẹ̀ tó dára fún ará ilé, kó bu fún ọmọ òrukàn àdúgbò, kó má sì yáwó nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni hádíìsì náà ti sọ pé ẹni tí kò bá yó yóò rí ebi? Aláìsàn tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Tálákà tí kò ní ńkọ́? Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Hudu pé kò sí ohun abẹ̀mí kan lórí ilẹ̀ àfi kí arísìkí rẹ̀ wà lọ́wọ́ Òun. Ìgbàgbọ́ ebi ọdún yẹn ni ká fà tu lọ́kàn àwọn ìyá wa, pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò ọkọ yín pé àgbò tí wọ́n pa lórúkọ Ọlọ́hun, halali ni, orí rẹ̀ náà halali ni. Ta ló kọ́ ọ láti torí ọbẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kúrò nínú Ìsìláàmù? Kó lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀ kó tó tún ṣíwèé.

Ẹ̀yin, ẹ sọ fún ọkọ yín, kí ẹ gba ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, torí Ànábì ní bí òun bá tún rí ọdún tó ń bọ̀, òun yóò gba ìkẹsàn-án. Ẹ bá ìyá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kí ọbẹ̀ orí àgbò dúró di àṣálẹ́. Tí wọ́n bá ti pèrun Màgíríbì, ẹ fi dàbínù ṣínu, ẹ kírun, kí ẹ wá jókòó tì wọ́n, kí ẹ jẹ ẹ́. Tí nǹkan oṣù yín bá bọ́ sọ́jọ́ náà, ẹ máa jẹun yín. Kò sí gbèsè àáwẹ̀ Àṣúrà lọ́rùn yín.