Kí ló dé tí a fi ń sọ pé ata "ń ta"?

Ìbéèrè: A máa ń sọ pé àkeekèé ta mí, oyin ta mí, iyọ̀ ń ta mí lójú egbò. Ata náà ń ta mí. Ṣé "ta" kan náà ni, àbí adùn kan ni ti ata?

Ìdáhùn: "Ta" kan náà ni. Ahọ́n mọ ohun tó dùn, èyí tó korò, èyí tó kan, ó mọ iyọ̀, ó sì mọ adùn omi ẹran. Ata kò sí nínú wọn. Ìrora ni ata ń fà lẹ́nu, iṣan tó ń jíṣẹ́ ìrora ló sì ń gbé e lọ sọ́pọlọ.

Ní ẹnu àwọn iṣan ìmọ̀lára, lábẹ́ awọ àti nínú ẹnu wa, ilẹ̀kùn tín-ín-tín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TRPV1. Ooru tó bá ti ju nǹkan bíi 43°C lọ ló ń ṣí i. Capsaicin, èròjà inú ata tó ń mú kó ta, máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ṣí i láìsí iná kankan. Kálísíọ́ọ̀mù àti sódíọ́ọ̀mù á rọ́ wọlé, iṣan á tají, ọpọlọ á sì gbọ́ pé iná ń jó ẹnu. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ló ṣàwárí ilẹ̀kùn yìí ní 1997, ó sì wà lára ohun tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ibi tó wú mi lórí jù rèé: ata, ataare, atalẹ̀. Kí Columbus tó dé Amẹ́ríkà ní 1492, kò sí rodo nílẹ̀ wa. Ataare ti wà ní tirẹ̀, ilẹ̀ Éṣíà sì ni atalẹ̀ ti wá. Rodo kì í ṣe ẹbí àwọn méjèèjì rárá. Síbẹ̀, capsaicin inú rodo, paradol inú ataare àti gingerol inú atalẹ̀, ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn ń ṣí. Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ fi ẹnu tọ́ wọn wò, wọ́n sì tọ̀nà.

A tún máa ń sọ pé nǹkan ń "ro" wá. Bí ẹ bá fi ìka ẹsẹ̀ kọ òkúta, iṣan tí ọ̀rá bò á kọ́kọ́ jíṣẹ́, ó ń sáré mítà 5 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ló máa ń dà bí ìgbà tí nǹkan gún yín. Iṣan tí kò ní ọ̀rá kì í ju mítà 2 lọ, òun ló ń gbé ríro bọ̀ lẹ́yìn. Iṣan tó lọ́ra yìí náà ni ata ń gbà jù, ó sì máa ń ta lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé òkèlè mì.

Omi kò lè yọ́ capsaicin, ńṣe ló ń tàn án ká. Bí ọwọ́ bá ń ta yín lẹ́yìn ata gígún, ẹ fi òróró pa á, ẹ nù ún, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fún ẹnu, wàrà ni. Ẹ má mu tíì gbígbóná, torí ilẹ̀kùn tí capsaicin ti dì mú kì í dúró de 43°C mọ́, ooru díẹ̀ ti tó o. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ má fi òróró kàn án, ẹ má sì ra á. Omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀.

Adìẹ tó ń ṣa ata jẹ lẹ́yìnkùlé kò láyà jù wá lọ. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà ń mọ ooru, àmọ́ capsaicin kò ríbi dì mú lára rẹ̀.