Ọmọ mi ń bóra nítorí pé ó dúdú: ìdáhùn fún ìyá kan

Ìbéèrè

As-salāmu alaykum, Àfáà wa. Ọmọ mi obìnrin àgbà pé ọdún 14 lọ́dún yìí. Bí mo ṣe ń gbá yàrá wọn, mo bá ike ìpara ìbóra méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi híjáàbù ilé-kéwú wé wọn. Mo bi í, ó bú sẹ́kún, ó ní Ọlọ́hun fẹ́ràn àbúrò òun ju òun lọ ló ṣe dá a ní pupa. Lóòótọ́ àbúrò rẹ̀ pupa, "Òyìnbó" la máa ń pè é nílé. Òun ẹ̀gbọ́n, bàbá wọn máa ń pè é ní "Dúdú Èédú", ṣùgbọ́n eré ni. Nígbà Iléyá tó kọjá, mo ní kó fi léèsì pupa sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ torí kò ní yọ lára tiẹ̀. Ó dà bíi pé àtìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ń tóònù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mi ò bóra. Ṣé hàráàmù ni bíbóra? Ṣé kò ní di ìgbéraga bí mo bá ń sọ fún un pé ó rẹwà? Àwọn kan ní a ó kàn máa pe ojú búburú sí ọmọ lára ni. Gbogbo ìrun tó ti kí pẹ̀lú ìpara yẹn lára ńkọ́, ṣé àlùwàlá rẹ̀ pé?

Ìdáhùn

Wa alaykumus-salām, ìyá wa. Ọlọ́hun yóò bá wa fi ọkàn ọmọ náà balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó yá. Bíbóra láti pa àwọ̀ tí Ọlọ́hun dá mọ́ni dà kò tọ́. Nínú hádíìsì tí Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, gbà wá, tó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, ègún wà lórí obìnrin tó ń fín ara àti ẹni tí wọ́n ń fín in fún, ẹni tó ń fa irun ojú tu, àti ẹni tó ń ya eyín rẹ̀ nítorí ẹwà, "àwọn tó ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà". Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímímọ̀ òde òní fi bíbóra sí. Làálì, tìróò, òrí, àdí àgbọn, ẹ̀ṣọ́ àti ìtọ́jú lèyí, kò sí láìfí. Ẹni tí ìrorẹ́ tàbí làpálàpá ń dà láàmú lè wo ara rẹ̀ sàn. Sàhábà kan tó ń jẹ́ Arfajah, imú rẹ̀ gé lójú ogun, ó fi fàdákà ṣe òmíràn, ó ń rùn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kó fi wúrà ṣe é, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé wúrà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ọkùnrin. Ìwòsàn nìyẹn. Awọ dúdú kì í ṣe àìsàn. Ìpalára tún wà níbẹ̀: mákúrì tó wà nínú òmíràn nínú àwọn ìpara wọ̀nyí ń ba kíndìnrín jẹ́, Ọlọ́hun sì sọ ní Súrátul-Baqarah, ẹsẹ 195, pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. "Tóònù" tiyín náà, ìyá wa, orúkọ lẹ yí padà.

Ìdájọ́ ìpara nìyẹn. Ìdájọ́ "Dúdú Èédú" ńkọ́? Ẹ ò bi mí níyẹn.

Ẹsẹ 11 nínú Súrátul-Hujurāt ní kí àwọn kan má fi àwọn kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún wá ya àwọn obìnrin sọ́tọ̀, pé kí wọ́n má fi obìnrin ẹgbẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ká má sì máa fi orúkọ ìnagijẹ burúkú pe ara wa. Mo ti ka ẹsẹ náà lọ, mo kà á bọ̀, mi ò rí "àfi tó bá jẹ́ eré" níbẹ̀.

Ìyá wa Aishah ló fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn èyí fún wa, kò fi pamọ́: ó ní òun sọ̀rọ̀ Safiyyah, orogún òun, létí Ànábì, pé bó ṣe rí yẹn ti tó o, ìyẹn ni pé ó kúrú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ànábì ní ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi òkun, yóò ba omi òkun jẹ́. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá. Safiyyah kò sì sí níbẹ̀, kò gbọ́. Ọmọ tiyín ń gbọ́ tirẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbọ́ ọ lálẹ́, láti ẹnu ẹni tó bí i.

Ọwọ́ èmi náà kò mọ́. Nígbà kan, Fatimah méjì ló wà ní ilé-kéwú mi. Kí n lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, mo ń pe ọ̀kan ní Fatimah Kékeré, mo ń pe èkejì, tó sanra, ní Fatimah Ńlá. Gbogbo ilé-kéwú gbà á lẹ́nu mi. Ọjọ́ wòlíìmọ̀ wọn pé, a to àga, àwọn òbí kún fọ́fọ́, ẹni tó di máìkì mú kígbe pé, "Fatimah Ńlá, bọ́ síwájú!" Ọmọ náà kò dìde. Ó mọ súrà rẹ̀, ó lè kà á láìwo wàláà, àmọ́ ó di àga mú, ó fi etí híjáàbù bo ẹnu, ìyá rẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Ẹsẹ Hujurāt tí mo ń sọ yìí, èmi ni mo kọ ọ́ sí wàláà fún un. Lọ́jọ́ kejì mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ojú wọn náà ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ yín ṣe nìyẹn, kó tó kan ọ̀rọ̀ ìpara rárá. Ẹ pa "Òyìnbó" náà tì. Ọmọ kékeré yẹn ń kọ́ lọ́wọ́ yín pé awọ lòun fi níyì.

Ọ̀rọ̀ "dúdú" gan-an, ẹ má sá fún un o. Bí ẹ bá ń pẹ̀tù sí i pé "o ò fi bẹ́ẹ̀ dúdú, àárín lo wà", ẹ ti bá a fọwọ́ sí i pé dúdú burú. Ìtàn yìí ni kẹ́ ẹ sọ fún un, ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ibn Abbas, sàhábà Ànábì, bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ata ọmọ Abu Rabah, pé, "Ṣé kí n fi obìnrin kan hàn ọ́ nínú àwọn ọmọ àlùjánnà?" Ata ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Obìnrin dúdú yìí ni." Wárápá ló ń ṣe obìnrin náà. Ó ti lọ bá Ànábì pé bó bá ti gbé òun, ara òun a máa ṣí sílẹ̀, kó bá òun ṣàdúà. Ànábì ní bó bá fẹ́, kó ṣe sùúrù, kó gba àlùjánnà. Bó bá sì fẹ́, òun yóò tọrọ ìwòsàn fún un. Ó mú sùúrù, ó ní kó ṣáà bá òun tọrọ kí ara òun má máa ṣí. Wọ́n ní Ata rí i nídìí aṣọ Kaaba: Umm Zufar, obìnrin gíga, dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ ni Ibn Abbas fi júwe rẹ̀ kí ojú má baà ṣì í, ó sì so ó pọ̀ mọ́ àlùjánnà. Ata tó gbọ́ ọ, ènìyàn dúdú lòun náà, òun ló sì padà di ẹni tí wọ́n ń bèèrè fátíwà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mẹ́kà. Èdè tiwa náà kúkú ní "adúmáadán", ìyìn ni.

Umm Zufar fẹ́ kí ara òun wà ní bíbò, kò sì kórìíra ara náà. Èyí ló gbé mi dé orí híjáàbù tí ọmọ yín fi wé ìpara. Ọ̀pọ̀ ìyá, bí ọmọ bá ti ń yọ ọyàn, ohùn tí wọ́n fi ń ní "lọ bo ara ẹ" á dà bíi pé ọmọ náà jalè. Ọmọ á wá ká èjìká, á máa rìn bí ẹni tó gbé nǹkan pamọ́ sáyà. Àṣẹ Ọlọ́hun ni híjáàbù, Òun la ń lò ó fún. Kì í ṣe ìjìyà fún ọmọ tó ń dàgbà. Ohùn tí ẹ fi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ ní nǹkan oṣù àti ìwẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ìyìn, kì í ṣe ìgbéraga. Ọkùnrin kan sọ níwájú Ànábì pé ènìyàn a máa fẹ́ kí aṣọ àti bàtà òun dára. Ó dáhùn pé Ọlọ́hun lẹ́wà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà. Ìgbéraga ni kéèyàn kọ òtítọ́, kó sì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ẹlòmíràn. Muslim gbà á wá. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn wo ilé yín, ẹ ó rí ibi tí ìgbéraga wà. Ojú búburú wà lóòótọ́, àmọ́ mā shā' Allāh àti àdúà ìbùkún la fi ń dáàbò bo ọmọ. A kì í tàbùkù rẹ̀ kí ojú má baà wọ̀ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ẹwà nìkan lẹ ó máa rí yìn. Ẹ wo oríkì tí àwọn ìyá wa ń sọ ọmọbìnrin: Àbẹ̀ní, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́. A bẹ̀ ká tó ní in, a jọ ń kẹ́ ẹ, a ṣà á láti kẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó dárúkọ àwọ̀ níbẹ̀. Oríkì tirẹ̀ ni kí bàbá rẹ̀ máa fi pè é. Aishah ní bí Fatimah, ọmọ Ànábì, bá wọlé, Ànábì á dìde lọ bá a, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á fẹnu kò ó, á mú un jókòó sí àyè òun. Ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Umamah, lé èjìká nígbà tó ń kírun. Bó bá ń lọ sí ìforíkanlẹ̀ á gbé e sílẹ̀, bó bá dìde á tún gbé e. Bàbá àwọn ọmọ yín kò ní láti wàásù gígùn. Kó ṣí àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lálẹ́, kó ní "Àbẹ̀ní, kí lẹ kọ́ ní ilé-kéwú lónìí?", kó sì dúró gbọ́ èsì.

Ní ti ìpara tó wà nílẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìdílé. Òmíràn ní oògùn nínú tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, awọ á dàrú, nítorí náà ẹ mú ike méjèèjì àti ọmọ lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ mú tiyín náà dání. Iléyá tó ń bọ̀, òun ni kó kọ́kọ́ mú àwọ̀ léèsì.

Ó ku àlùwàlá. Ìpara tí awọ ti fà mu kì í dí omi lọ́wọ́. Èyí tó bá nípọn, tó di èèpo lórí awọ, òun lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ kúrò. Ìpara ìbóra ń wọnú awọ lọ ni. Àlùwàlá rẹ̀ pé, kò ní ìrun kankan tí yóò san padà.